Ìlú mẹ́wàá ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún? Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ka alẹ́

Ìbéèrè yìí wá láti ọwọ́ Ìyá Ìbejì ní Manchester:

"Èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin rìn káàkiri Yúróòpù ní oṣù kẹsàn-án, láti fi ṣe àjọyọ̀ ọdún 35 tí a ti ṣègbéyàwó. Ọjọ́ 17 la ní. Ọkọ mi ti kọ orúkọ ìlú mẹ́wàá sílẹ̀: Paris, Brussels, Amsterdam, Berlin, Prague, Vienna, Venice, Milan, Rome, Barcelona. Orúnkún mi ọ̀tún kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba ni tèmi, ti Nàìjíríà ni ọkọ mi ṣì ń lò, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní òpin níbí. Ṣé ètò yìí ṣeé ṣe? Ṣé Interrail, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin Yúróòpù, ni ká rà àbí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má dábàá bàálù o. Bàbá ọkọ mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, inú ọgbà rélùwéè níbẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi sí."

Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú oríire ọdún 35. Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún ara yín.

Mo ka àkọsílẹ̀ Bàbá Ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìlú kan nínú rẹ̀ tí kò dára. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iye ìgbà tí ẹ ó di ẹrù. Ìlú mẹ́wàá ní ọjọ́ 17 túmọ̀ sí pé lẹ́yìn alẹ́ kan tàbí méjì, ẹ ó tún jí, ẹ ó kó aṣọ sínú báàgì, ẹ ó wá ọ̀nà téṣàn, ẹ ó dé ìlú àjòjì ní ọ̀sán gangan, ẹ ó sì jókòó ti ẹrù títí òtẹ́ẹ̀lì yóò fi fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Kí ẹ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ládùúgbò, ilẹ̀ ti mọ́, ẹ tún ti ń lọ.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2006, èmi àti ìyàwó mi lọ ìlú méje ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. A ò tíì bímọ nígbà náà, ẹsẹ̀ wa le. Ní ọjọ́ keje, a jókòó sórí àpótí wa nínú téṣàn kan, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, nítorí pé ó fẹ́ jókòó mu kọfí, èmi sì ń wo aago. Ọkọ̀ tí mo torí rẹ̀ bá a fa ọ̀rọ̀ yẹn, n kò rántí ibi tó ń lọ mọ́ lónìí. Ojú ìyàwó mi lọ́jọ́ náà ni mo rántí. Láti ìgbà yẹn, tí tọkọtaya bá ní kí n bá àwọn ṣètò ìrìnàjò, n kì í bi wọ́n pé ìlú mélòó. Alẹ́ mélòó ni mo máa ń bi wọ́n.

Ẹ̀yin ní alẹ́ 16. Bí èmi yóò ṣe pín in rèé: Paris alẹ́ mẹ́rin, Chur ní Swítsàlandì méjì, Lecco létí adágún ní Ítálì méjì, Venice mẹ́ta, Vienna mẹ́ta, Nuremberg kan, Cologne kan, kí ẹ tó padà sílé. Ìlú ńlá mẹ́ta láti inú àkọsílẹ̀ Bàbá Ìbejì ló ṣẹ́kù, ìyẹn Paris, Venice àti Vienna, wọ́n sì gba alẹ́ mẹ́wàá nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó kù jẹ́ ibi ìsinmi ojú ọ̀nà, kí ìrìn kan má bàa gùn jù fún orúnkún yín. Rome àti Barcelona tó ìrìnàjò tiwọn lọ́tọ̀. Berlin àti Prague náà, ẹ fi wọ́n sí ọdún mìíràn.

Ọ̀rọ̀ físà ló ń kán jù, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba kò nílò físà tí ẹ kò bá lò ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Bàbá Ìbejì nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ìwé ìgbélùú wọn, bó ti wù kó lágbára tó, ìlú Ọba nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Físà kan ṣoṣo yóò gbé wọn gba gbogbo ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí, títí kan Swítsàlandì, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù ṣùgbọ́n tó wà nínú Schengen.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní nígbà tó jẹ́ pé Paris ni àwọn yóò kọ́kọ́ dé, Faransé ni àwọn yóò kọ̀wé sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù lọ ni òfin ní kí ẹ kọ̀wé sí. Tó bá dọ́gba nìkan ni ti àkọ́dé tó ń wọlé. Ẹ bá mi kà á: Faransé alẹ́ mẹ́rin, Swítsàlandì méjì, Ítálì márùn-ún, Austríà mẹ́ta, Jámánì méjì. Ítálì ni Bàbá Ìbejì máa kọ̀wé sí. Tí ẹ bá yí ètò mi padà, tí ẹ mú alẹ́ kan kúrò ní Lecco tí ẹ fi kún Vienna, ẹ tún un kà kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, torí ìdáhùn lè yí padà. Ẹ lè kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Àyè ìpàdé ní ọ́fíìsì físà máa ń tán kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú Òyìnbó tó dé. Owó físà jẹ́ yúrò 90. Wọ́n á béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera tí kò dín ní yúrò 30,000. Wọ́n á sì fẹ́ rí ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ gba òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà tí físà bá pẹ́.

Ohun méjì mìíràn tí mo ti rí tó dá ènìyàn dúró lẹ́nubodè. Pásípọ́ọ̀tù yín méjèèjì kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Ìkejì, ìwé ìgbélùú ìlú Ọba ti kúrò lórí káàdì, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí Bàbá Ìbejì wọ inú àkáǹtì wọn wò, kí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti èyí tí wọ́n máa gbé lọ gan-an. Tí wọ́n bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun láìpẹ́ yìí tí wọn ò sì tún un ṣe níbẹ̀, ìgbà àtibọ̀ wálé ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀.

Láti Manchester Piccadilly sí Euston ní Lọ́ńdọ̀nù kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. St Pancras, téṣàn tí ọkọ̀ Paris ti ń gbéra, kò sì jìnnà sí Euston, ṣùgbọ́n pẹ̀lú báàgì àti orúnkún, ẹ wọ takisí. Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Faransé ti máa yẹ ìwé yín wò. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àti ìka ọwọ́ àwọn àlejò, torí náà ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ ṣáájú àkókò ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku wákàtí méjì àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ dé Paris. Ihò abẹ́ òkun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994 gùn ní kìlómítà 50. Ẹ ò ní rí omi kankan nínú rẹ̀, òkùnkùn ni fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ilẹ̀ Faransé á là lójú fèrèsé.

Gare du Nord ni ẹ ó sọ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ má gba òtẹ́ẹ̀lì ládùúgbò yẹn. Ẹ gbà á nítòsí Gare de Lyon, torí ibẹ̀ lẹ ó ti gbéra ní ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ tẹ̀ lé àmì takisí lọ síbi tí wọ́n ti ń tò. Ẹni tó bá tọ̀ yín wá nínú téṣàn pé "takisí, takisí", ẹ má dá a lóhùn.

Ní Paris, ohun àfidandan kan lójúmọ́ tó. Louvre kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Musée d'Orsay kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa wọ̀, Orsay ni kí ẹ mú Bàbá Ìbejì lọ. Téṣàn ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ fún ìpàtẹ ńlá ti ọdún 1900, ó sì di ilé àwòrán lọ́dún 1986. Aago ńlá téṣàn ṣì wà lára ògiri, àárín ibi tí ọkọ̀ ti ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n to ère sí báyìí. Ní ọjọ́ kejì, kò jìnnà sí òtẹ́ẹ̀lì yín, ọgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Coulée verte. Orí afárá ojú irin àtijọ́ ni wọ́n gbin òdòdó sí, ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ kúrò ní Bastille dáwọ́ dúró lọ́dún 1969. Ó tẹ́jú, ìjókòó pọ̀ níbẹ̀, èrò kì í pọ̀. Tí ẹnu bá sì ti ń wá ata, ẹ wọ mẹ́tírò ojú ọ̀nà kẹrin lọ sí Château Rouge. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja gbígbẹ, kò sí ohun tí ẹ ò ní rí nínú ọjà yẹn, ẹ ó sì gbọ́ èdè Yorùbá láàárín Faransé.

Ọjọ́ karùn-ún, wákàtí mẹ́rin láti Gare de Lyon sí Zürich, lẹ́yìn náà wákàtí kan àti díẹ̀ sí Chur. Láti Zürich, ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni adágún méjèèjì wà, ti Zürich àti Walensee. Ẹ sinmi ní Chur. Ní ọjọ́ kejì, tí Bàbá Ìbejì ò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń kúrò níwájú téṣàn gan-an, tó ń gba àárín títì ìlú kọjá bí ẹni pé mọ́tò ni, tó sì ń gun òkè lọ sí Arosa ní wákàtí kan. Ẹ̀yin lè jókòó sílé, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè.

Torí ọ̀nà tó kàn yìí ni mo ṣe gbé gbogbo ètò yìí kalẹ̀. Láti Chur sí Tirano ní Ítálì, ọkọ̀ pupa ń gba orí òkè Alps kọjá fún bíi wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Bàbá Ìbejì á rí i ní kété tí wọ́n bá ti wo ilẹ̀ pé irin tóóró ni: mílímítà 1,000 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ti Ẹ̀búté Mẹ́ta tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jẹ́ 1,067. Ìgbà kan náà sì ni wọ́n. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 1903 ni apá kìíní ọ̀nà òkè yìí, tí wọ́n ń pè ní Albula, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apá kejì, Bernina, sì parí lọ́dún 1910. Lọ́dún 2008 àjọ UNESCO fi méjèèjì sínú ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí ẹ tó dé Filisur, afárá Landwasser á yọ: òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 65, ó tẹ̀ bí ọrun, ó sì gba ọkọ̀ tààrà wọ inú ihò lára àpáta. Lẹ́yìn Bergün, ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú òkè, ẹ ó rí abúlé kan náà ní apá ọ̀tún, ẹ ó tún rí i ní apá òsì, lẹ́yìn náà ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ ni Ospizio Bernina, mítà 2,253. Adágún méjì wà lókè níbẹ̀, wọn ò jìnnà síra, ọ̀kan ń jẹ́ Adágún Dúdú, èkejì ń jẹ́ Adágún Funfun. Omi Dúdú ń ṣàn sínú odò Inn, láti ibẹ̀ sínú Danube, títí dé Òkun Dúdú. Omi Funfun ń ṣàn lọ sínú odò Adda, títí dé òkun Adriatic. Ẹ dì í mú lọ́kàn, torí ẹ ó tún bá omi méjèèjì pàdé: ti Funfun á kọjá níwájú yín ní Lecco, ti Dúdú á kọjá ní Vienna. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọjá níbẹ̀, obìnrin àgbà kan tó jókòó kọjú sí mi ló sọ ọ́ fún mi, mo sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá rán gba ibẹ̀.

Láti orí òkè yẹn, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ títí dé Tirano, tí gíga rẹ̀ kò ju mítà 429 lọ. Ó gẹ̀ẹ́rẹ́ débi pé ojú irin ń lọ sílẹ̀ ní mítà méje láàárín ọgọ́rùn-ún mítà láwọn ibì kan, kò sì sí irin eléyín láàárín tó ń dì í mú. Ní Brusio, wọ́n mọ afárá kan bí òrùka sórí pápá gbalasa kí ọkọ̀ lè yípo lórí rẹ̀ kó sì gba abẹ́ ara rẹ̀ jáde. Ẹ óò rí iwájú ọkọ̀ yín láti ẹ̀yìn. Ẹ fi kámẹ́rà sí ìmúrasílẹ̀.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ló ń gba ọ̀nà yìí. Ọ̀kan ní fèrèsé ńlá tó dé òrùlé, ó ń lọ tààrà láti Chur sí Tirano, ìjókòó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ti gbà sílẹ̀, pẹ̀lú owó lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni ọkọ̀ lásán tí ará ìlú ń wọ̀, orí irin kan náà, òkè kan náà, kò sí owó ìjókòó, àwọn fèrèsé kan nínú rẹ̀ sì ń ṣí. Èmi fúnra mi, ọkọ̀ lásán ni mò ń wọ̀, torí mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkè fẹ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn lójú ọ̀nà tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Nítorí orúnkún, ẹ wọ èyí tó lọ tààrà.

Láti Tirano, ọkọ̀ Milan ni ẹ ó wọ̀, ẹ ó sì sọ̀ ní Lecco. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i: adágún Como á wà níbẹ̀ títí dé Lecco. Varenna ni gbogbo ènìyàn máa dárúkọ fún yín ní agbègbè yẹn, ó sì rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Lecco tẹ́jú, téṣàn rẹ̀ wà láàárín ìlú, òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Varenna. Ẹ lè wọkọ̀ lọ sí Varenna ní àárọ̀, kí ẹ fi ọkọ̀ omi kọjá sí Bellagio jẹun ọ̀sán, kí ẹ padà wá sùn sí Lecco. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró létí ibi tí Adda ti ń jáde kúrò nínú adágún. Omi Funfun yẹn nìyẹn.

Ní Milan, ẹ kàn máa yí ọkọ̀ padà ni. Téṣàn Centrale tí wọ́n ṣí lọ́dún 1931 tóbi bí ààfin, ẹ gbójú sókè wò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan di báàgì mú. Àwọn olè jáwójáwó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ ojú àlejò.

Venice. Ẹ má sọ̀ ní Mestre o. Orí ilẹ̀ ni Mestre wà, ọ̀pọ̀ ń ṣì í sọ̀. Ẹ jókòó títí ọkọ̀ á fi gba orí afárá ọ̀sà, tó ti wà láti ọdún 1846, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, títí dé Santa Lucia. Nígbà tí ẹ bá jáde, kò sí títì, kò sí mọ́tò. Omi ni.

Ibí yìí ni orúnkún ti ní ọ̀rọ̀ sọ jù lọ. Afárá tó wà ní Venice ju 400 lọ, àtẹ̀gùn ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ènìyàn lè gba òtẹ́ẹ̀lì tó dára tí kò jìnnà, kó wá rí i pé afárá mẹ́ta ló wà láàárín òun àti ibẹ̀, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́. Ẹ gbà á ní Cannaregio, ní ẹ̀gbẹ́ Lista di Spagna, lọ́wọ́ òsì tí ẹ bá ti jáde ní téṣàn, kí ẹ sì rí i pé kò sí afárá kankan láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ omi ni ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí mò ń kọ èyí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ yúrò 9.50, ti wákàtí 72 jẹ́ 45, torí náà ti ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ rà. Ọkọ̀ ojú ọ̀nà kìíní ń gba Odò Ńlá kọjá jẹ́jẹ́, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, títí dé San Marco. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná bá ti ń tàn nínú àwọn ààfin etí omi. Gondola, ọkọ̀ omi tóóró tí atukọ̀ ń fi ọwọ́ tù, jẹ́ yúrò 90 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín fẹ́ ẹ, ọdún 35 tó bẹ́ẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ pàdánù tí ẹ ò bá wọ̀ ọ́.

Ilé àwòrán kan ṣoṣo ni mo máa rán yín lọ níbẹ̀, Gallerie dell'Accademia. Ẹ wá àwòrán Carpaccio tó ya afárá Rialto, nígbà tó ṣì jẹ́ pákó, ní nǹkan bí ọdún 1496. Ẹ wo orí omi dáadáa: ọmọ adúláwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó dúró nínú ọkọ̀ tó ń tukọ̀, tó wọ aṣọ rẹgí, tó dé fìlà tó ní ìyẹ́. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ẹni tó jọ wa ti ń gbé ìlú yẹn, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ omi rẹ̀.

Láti Venice sí Vienna, ọkọ̀ tààrà wà, nǹkan bíi wákàtí méje. Ẹ ra oúnjẹ sọ́wọ́. Tí ọkọ̀ yín bá dúró ní Graz, ẹ rántí pé níbẹ̀ ni wọ́n bí Susanne Wenger lọ́dún 1915, ẹni tí àwa mọ̀ sí Àdùnní Olóriṣà. Vienna ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà kó tó wá sí ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1950. Òṣogbo ló kú sí lọ́dún 2009, lẹ́yìn tó ti bá wọn gba igbó Òṣun là, tí UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá lọ́dún 2005. Lẹ́yìn Graz ni ọkọ̀ á gun òkè Semmering. Bàbá Ìbejì, ẹ kúrò lójú oorun níbí: Carl von Ghega bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà yìí lọ́dún 1848 nígbà tí kò tíì sí ẹ́ńjìnnì kankan láyé tó lè gùn ún. Wọ́n ń fọ́ òkúta lọ, ó dá wọn lójú pé ẹ́ńjìnnì á dé. Lọ́dún 1851 wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn tó ń rọ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1854.

Ní Vienna, ẹ wọ táráàmù yípo Ring, òpópónà ńlá tó yí àárín ìlú ká, kí ẹ jókòó kí ìlú máa kọjá lójú yín. Nínú ilé àwòrán Kunsthistorisches Museum, ẹ lọ tààrà sí yàrá ayàwòrán Bruegel, ìjókòó wà láàárín yàrá, kí ẹ lo wákàtí kan níbẹ̀, ó tó. Ní òdìkejì, nínú Weltmuseum, idẹ Benin tí wọ́n kó lẹ́yìn ogun 1897 wà níbẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti wò wọ́n láì ní ìbínú, síbẹ̀ mo rò pé ó yẹ kí á lọ wò wọ́n. Ilé kọfí ìlú náà ni ìsinmi orúnkún: ife kan, wọ́n á gbé omi tì í, kò sì sí ẹni tó máa lé yín dìde fún wákàtí méjì. Ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ U1 lọ sí Donauinsel kí ẹ rí Danube. Omi Dúdú ti dé.

Àbọ̀ọlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Vienna sí Nuremberg, bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní Jámánì ti gbéra lọ sí Fürth ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1835, ẹ́ńjìnnì tí Stephenson rọ ní Newcastle ló fà á, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè sì wà nítòsí téṣàn. Láti ibẹ̀ sí Cologne, ẹ má gba ọ̀nà tó yá jù. Ẹ yan ọkọ̀ tó gba Mainz àti Koblenz, ẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, odò Rhine àti àwọn ilé olódi orí òkè rẹ̀ á tẹ̀ lé yín. Ní Cologne, ẹ ò ní rìn: ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1248 tí wọ́n parí lọ́dún 1880 wà lẹ́nu ọ̀nà téṣàn gan-an. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ìsọ̀ á ti tì. Lọ́jọ́ kejì, Brussels, lẹ́yìn náà Lọ́ńdọ̀nù.

Lórí Interrail: ẹni tó ń gbé ìlú Ọba lè rà á, ẹni tó bá sì ti pé 60 ń rí ẹ̀dínwó. Ó dára fún ẹni tó ń rìn lójoojúmọ́ tí kò mọ ibi tí òun á sùn lọ́la. Ẹ̀yin ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìrìn yín kò pọ̀, ẹ mọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ abẹ́ òkun, ọkọ̀ ayára Faransé àti ti Ítálì á tún gba owó ìjókòó lé Interrail lórí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí owó rẹ̀ ṣì kéré. Ọkọ̀ Lecco kò nílò kíkánjú rà, owó rẹ̀ kì í yí padà.

Ọkọ̀ Jámánì ń pẹ́. Ẹ fi wákàtí kan ó kéré tán sáàárín ọkọ̀ méjì níbẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ máa wọ ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní Brussels. Ọjọ́ yẹn, ẹ fi wákàtí mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bá pẹ́ wákàtí kan, òfin Yúróòpù fún yín ní ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, tó bá tó wákàtí méjì, ìdajì ni, àyàfi tó bá jẹ́ àjálù tó kọjá agbára wọn. Ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù. Òfin yẹn náà ló fún yín ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ ní téṣàn, ẹni tó máa bá yín gbé báàgì, tó máa mú yín gba ẹ̀rọ agbéniròkè, láì gba kọ́bọ̀, tí ẹ bá ti sọ ọ́ fún wọn ní wákàtí 24 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa kì í béèrè, wọ́n ń rò pé ti aláàbọ̀ ara nìkan ni. Orúnkún tó ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè.

Ẹ lè gbé gààrí dání. Ẹ má gbé ẹran díndín tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, wọn ò gbà á láti ìlú Ọba wọ Faransé láti ọdún 2021. Báàgì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, aṣọ ọjọ́ márùn-ún, ẹ ó fọ aṣọ ní Lecco àti Vienna. Nígbà tí ẹ bá dì í tán, ẹ gbé tiyín gun àtẹ̀gùn ilé yín lẹ́ẹ̀mejì láì gba ìrànlọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Tí orúnkún bá sọ̀rọ̀, ẹ yọ bàtà kan kúrò, kí ẹ tún un gbé wò.